Bí Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Ilé Ìwòsàn Ńlá Kan ní Boston Ṣe Dákú ní Ọdún 2002

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 2002, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn Beth Israel Deaconess Medical Center ní ìlú Boston, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ìwé oògùn, lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà, gbogbo ohun tí ó ní láti gba orí wáyà kọjá ni ó ń pẹ́ kí ó tó dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì dé rárá. Ó lé ní ọjọ́ mẹ́ta kí ara nẹ́tíwọ̀ọ̀kì náà tó yá. Ní àárín àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn, ọ̀kan lára àwọn ilé ìwòsàn ńlá tí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Harvard ti ń kọ́ àwọn dókítà rẹ̀ padà sí orí ìwé àti bírò.

Mo yan ìṣẹ̀lẹ̀ yìí nítorí pé àbùkù tí ó fà á kì í ṣe ti ilé ìwòsàn nìkan. Ilé iṣẹ́ èyíkéyìí tí ó bá ní ju switch kan lọ (ẹ̀rọ tí a ń ki wáyà àwọn kọ̀ǹpútà bọ̀ láti so wọ́n pọ̀), ìbáà jẹ́ báńkì, ilé ìtẹ̀wé tàbí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò, lè bá irú rẹ̀ pàdé. Ohun kejì tí ó mú kí n yàn án ni pé wọn kò fi í pamọ́. John Halamka, ẹni tí ó jẹ́ olórí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà níbẹ̀ nígbà náà, tí òun fúnra rẹ̀ sì tún jẹ́ dókítà ìtọ́jú pàjáwìrì, jáde sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní gbangba, ó sì sọ ibi tí àwọn ti kùnà. Àwọn tí a ń sọ̀rọ̀ wọn yìí kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kì í sì í ṣe aláìmọ̀kan. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, ìwé ìròyìn InformationWeek fi CareGroup, ẹgbẹ́ àwọn ilé ìwòsàn tí Beth Israel Deaconess wà lábẹ́ rẹ̀, sí ipò kìn-ín-ní nínú àwọn ilé iṣẹ́ tí ó ń lo ìmọ̀ kọ̀ǹpútà dáradára jù lọ ní Amẹ́ríkà. Oṣù mẹ́rìnlá péré ni ó wà láàárín oyè yẹn àti ọ̀sán Ọjọ́rú tí mo ń wí. Ètò orí kọ̀ǹpútà wọn dára gan-an. Wáyà àti switch tí ètò náà dúró lé lórí ni ẹnikẹ́ni kò fi ojú kan náà wò.

Kí a tó dé orí ọjọ́ náà gan-an, ó yẹ kí a mọ bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì náà ṣe rí. Ọdún 1996 ni ilé ìwòsàn méjì, Beth Israel àti New England Deaconess, di ọ̀kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti ní ẹ̀rọ tirẹ̀ kí wọ́n tó para pọ̀. Bí iṣẹ́ ṣe ń gbòòrò ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì náà ń gbòòrò pẹ̀lú rẹ̀, tí wọ́n ń so apá tuntun mọ́ èyí tí ó ti wà nílẹ̀, láìsí ìgbà kan tí ẹnikẹ́ni jókòó láti tún gbogbo rẹ̀ yà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ìgbésẹ̀ kan nínú gbogbo ìyẹn tí a lè nàka sí pé òun gan-an ni ó burú. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di ọdún 2002, ohun tí wọ́n ní jẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì gbalasa kan tí switch so pọ̀, láìsí router, ẹ̀rọ tí ń so nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan mọ́ òmíràn, tí ó pọ̀ tó láti pín in sí ẹkùn ẹkùn.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín switch àti router ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Àdírẹ́sì MAC ni switch ń wò, ìyẹn nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe káàdì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fi sí ara káàdì náà. Bí switch kò bá mọ ibi tí ẹni tí a ń ránṣẹ́ sí wà, tàbí bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ ìkéde fún gbogbo ènìyàn, yóò tú u jáde ní gbogbo ojú ihò rẹ̀, ìyẹn ibi tí a ń ki wáyà bọ̀, àfi èyí tí iṣẹ́ náà gbà wọlé. Router ní tirẹ̀ ń wo àdírẹ́sì IP, ìyẹn nọ́ńbà tí ó ń sọ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tí kọ̀ǹpútà kan wà, kì í sì í jẹ́ kí ìkéde kọjá lára òun. Níbi tí router bá pààlà, wàhálà ẹkùn kan kì í sábà di ti ẹkùn kejì. Níbi tí kò bá ti sí ààlà, gbogbo ilé ni yóò gbọ́ ohun tí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo bá kígbe.

Àwọn ẹnjiníà a sì máa fa ju wáyà kan lọ láàárín àwọn switch, kí ọ̀kan lè gba iṣẹ́ bí èkejì bá já. Ọgbọ́n gidi ni, ṣùgbọ́n ewu wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀nà méjì bá ṣí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láàárín switch méjì, ìkéde tí ó gba ọ̀kan lọ yóò gba èkejì padà, yóò tún lọ, yóò tún padà. Ìdì détà IP ní nọ́ńbà kan nínú tí wọ́n ń pè ní TTL. Gbogbo router tí ìdì náà bá kọjá ni ó ń yọ ení kúrò nínú nọ́ńbà yìí, bí ó bá sì ti di òdo, wọn a da ìdì náà nù. Ìdì Ethernet, ìyẹn irú èyí tí switch ń gbé, kò ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tí yóò pa á. Ó dà bí ìgbà tí akígbe ọba bá kéde ní ìta gbangba, tí a sì ti pàṣẹ fún gbogbo agboolé pé ohun tí wọ́n bá gbọ́ ni kí wọ́n tún kígbe síta: agboolé tí ó kọjú sí ara wọn yóò máa tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ fún ara wọn títí, kò sì ní sí ẹni tí yóò gbọ́ ohun mìíràn mọ́. Ìjì ìkéde ni mo máa ń pè é. Bí ó bá ti gbéra, ó lè gba gbogbo àyè tí ó wà lórí wáyà láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kò sì ní rọlẹ̀ títí tí a óò fi já ọ̀nà kan nínú àyípo náà.

Radia Perlman ni ó wá ojútùú sí èyí ní ọdún 1985, nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Digital Equipment Corporation. Orúkọ ojútùú náà ni Spanning Tree Protocol, àjọ IEEE sì sọ ọ́ di ìlànà 802.1D ní ọdún 1990. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Àwọn switch yóò yan olórí kan láàárín ara wọn. Olúkúlùkù yóò wá ọ̀nà tí ó yá jù lọ dé ọ̀dọ̀ olórí náà. Ojú ihò tí kò bá sí lórí ọ̀nà bẹ́ẹ̀, tí ó sì lè dá àyípo sílẹ̀, ni wọn yóò dí. Ní ìṣẹ́jú àáyá 2, 2 ni olórí ń rán iṣẹ́ kékeré kan tí a mọ̀ sí BPDU jáde, tí àwọn yòókù ń gbé e kiri. Ojú ihò tí wọ́n dí kò kọtí ikún. Ó ń gbọ́ BPDU náà, níwọ̀n ìgbà tí ó bá sì ń gbọ́ ọ, yóò wà ní dídí. Bí ìṣẹ́jú àáyá 20 bá kọjá tí kò gbọ́ nǹkan kan, yóò gbà pé ọ̀nà kejì ti já, yóò dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 15 lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà yóò ṣí ara rẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀ nìyí, nítorí pé ibẹ̀ ni ilé ìwòsàn náà ti ṣubú. Ìlànà yìí ka ìdákẹ́jẹ́ sí ẹ̀rí pé ọ̀nà ti já. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tí ó lè fa ìdákẹ́jẹ́: ọ̀nà náà lè wà láìyingin, kí ó jẹ́ pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù lórí switch tí ó yẹ kí ó gbé BPDU dé, tàbí kí òbítíbitì détà ti gba ojú ọ̀nà débi pé BPDU sọnù sí àárín rẹ̀. Ojú ihò tí ó wà ní dídí kò lè mọ ìyàtọ̀. Yóò ṣí, àyípo yóò dá, ìjì ìkéde yóò bẹ̀rẹ̀, ìjì náà yóò sì tún fi kún iṣẹ́ tí ó wà lórí àwọn switch, èyí tí yóò mú kí BPDU púpọ̀ sí i sọnù, kí ojú ihò púpọ̀ sí i sì ṣí. Ohun tí a ṣe láti dènà àyípo yóò wá di ohun tí ó ń bí i.

Àwọn nọ́ńbà tí mo kà sílẹ̀ yìí, 2, 15 àti 20, kò ṣàdédé wá. Wọ́n ṣírò wọn fún nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tí kò ní ju switch 7 lọ láti ìpẹ̀kun kan dé ìpẹ̀kun kejì. Ẹni tí ó bá kọjá 7 kò ní rí iná pupa kankan, kò sì ní gbọ́ ìkìlọ̀. Ohun gbogbo yóò máa ṣiṣẹ́ fún oṣù, fún ọdún, níwọ̀n ìgbà tí iṣẹ́ kò bá wúwo jù. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Beth Israel Deaconess ti kọjá ààlà yìí láìsí ẹni tí ó mọ̀. Nígbà tí wọ́n wọn gbogbo rẹ̀ nígbẹ̀yìn, wọ́n rí i pé apá tí àwòrán X-ray ń gbà kọjá jìnnà tó ìgbésẹ̀ 10, bí a bá ka lílọ láti switch kan sí èkejì sí ìgbésẹ̀ kan.

Inú ipò yìí ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì náà wà nígbà tí olùṣèwádìí kan nínú ilé ìwòsàn náà ń dán ètò kan wò, ètò tí ó ń pín fáìlì ìmọ̀ ìṣègùn láàárín àwọn ènìyàn. Ó fi ètò náà sílẹ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́, ètò náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í da òbítíbitì détà sórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Àwọn switch kò lè gbé e, BPDU bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù, ohun tí mo ṣàlàyé lókè sì ṣẹlẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ń sọ ìtàn yìí máa ń di gbogbo ẹ̀bi ru olùṣèwádìí náà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe jẹ́ irú èyí tí a kọ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fún, láti gbé fáìlì láti ibì kan dé ibòmíràn. Bí ilé bá wó nítorí pé ẹnì kan gbé àga wọlé, a kò gbọdọ̀ fi ẹ̀bi náà mọ sí orí ẹni tí ó gbé àga. Bí kò bá jẹ́ ètò ti Ọjọ́rú yẹn, ohun mìíràn ni ì bá fa á: ẹ̀dà fáìlì ńlá kan ní òru, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan, tàbí àwòrán X-ray tí ó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ń wá àìsàn nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ní láti ya ohun tí ó ta nǹkan jí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Bí wọ́n bá kàn pa ètò olùṣèwádìí náà, tí wọ́n sì lọ sùn, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì náà ì bá tún dákú ní ọjọ́ mìíràn, kò sì sí ẹni tí ì bá mọ ìdí rẹ̀.

Àwọn wákàtí tí ó tẹ̀ lé e ni ó ṣòro jù lọ láti kà fún ẹni tí ó bá ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí. Àwọn òṣìṣẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì rí i pé détà ti pọ̀ jù, wọ́n sì ṣe ohun tí ó bọ́gbọ́n mu lójú ẹni tí ó bá rí bẹ́ẹ̀: wọ́n ń pa apá kan nẹ́tíwọ̀ọ̀kì láti dín ẹrù kù. Ṣùgbọ́n nínú Spanning Tree, gbogbo ìgbà tí ọ̀nà kan bá ṣí tàbí tí ó bá tì, àwọn switch tí ọ̀rọ̀ kàn ní láti tún ìṣirò ṣe. Lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tí ó kéré, tí ara rẹ̀ le, ìṣirò yẹn kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Lórí èyí tí ó ti kọjá ààlà, tí switch rẹ̀ sì ti rì sínú ìjì ìkéde, àtúnṣirò lórí àtúnṣirò túmọ̀ sí pé ọ̀nà tuntun ń ṣí níbi tí kò yẹ. Bí wọ́n ṣe ń gbìyànjú láti tún un ṣe ni ó ń bàjẹ́ sí i.

Ohun tí ó tún tan wọ́n jẹ ni pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì náà ń sọjí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Yóò dákú, wọn yóò ṣe nǹkan kan, yóò sọjí, inú gbogbo ènìyàn yóò dùn, kò ní pẹ́ tí yóò tún dákú. Irú àìsàn báyìí ń da ọpọlọ ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀ rú, nítorí pé ohun tí ó ṣe kẹ́yìn kí ó tó sọjí ni yóò gbà pé ó wò ó sàn, bẹ́ẹ̀ ni ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ ni ó kàn rọlẹ̀ nítorí pé ilẹ̀ ti ṣú, tí àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ sí ilé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí gbogbo ènìyàn padà sí ẹnu iṣẹ́, wàhálà náà padà.

Fún àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì, sísọjí àti dídákú yìí burú ju kí ó má tilẹ̀ ṣiṣẹ́ lọ. Bí kọ̀ǹpútà bá ti kú pátápátá, gbogbo ènìyàn yóò mú ìwé. Bí ó bá ń lọ tí ó ń bọ̀, apá kan ohun tí a pàṣẹ fún aláìsàn yóò wà lórí ìwé, apá kan yóò wà nínú kọ̀ǹpútà, kò sì ní sí ẹni tí ó lè sọ pẹ̀lú ìdánilójú pé oògùn kan ti dé ọ̀dọ̀ aláìsàn tàbí kò tíì dé. Halamka àti àwọn alákòóso ilé ìwòsàn náà wá ṣe ìpinnu tí mo gbà pé òun ni ó dára jù lọ nínú gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ yìí: wọ́n ní kí gbogbo ilé ìwòsàn kúrò lórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n padà sí orí ìwé, kí wọ́n sì dúró síbẹ̀ títí tí a óò fi tún nẹ́tíwọ̀ọ̀kì náà ṣe tán, ìbáà tilẹ̀ sọjí láàárín. Ìpinnu yìí dá ètò padà sí ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn, ó sì tú àwọn ẹnjiníà sílẹ̀ láti ṣe iṣẹ́ wọn láìsí ẹni tí ń bi wọ́n léèrè ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún bóyá ó ti dé.

Àwọn ọ̀dọ́ dókítà wà níbẹ̀ tí wọn kò fi ọwọ́ kọ ìwé oògùn rí láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn àgbà ni ó kọ́ wọn. Àwọn ènìyàn ń sáré gbé èsì àyẹ̀wò láti yàrá àyẹ̀wò lọ sí ìdí ibùsùn. Fún wákàtí díẹ̀, ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì kò gba áńbúláǹsì mọ́, wọ́n ní kí wọ́n máa gbé àwọn aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ké sí ilé iṣẹ́ Cisco, ẹni tí ó ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn switch wọn. Cisco ní ètò kan fún oníbàárà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti di ọ̀ràn ńlá, nínú èyí tí wọ́n ń kó àwọn ẹnjiníà àti ẹ̀rọ lọ bá a títí tí ọ̀ràn náà yóò fi yanjú. Wọ́n dé, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sì nílò ni kí wọ́n lè rí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tí ẹ̀rọ ìṣọ́ ń gbà kọjá ni ó dùbúlẹ̀ àìsàn. Èyí ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ó ń bójú tó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ilé iṣẹ́ ronú lé lórí dáradára. Switch tí a lè wọ̀ láti orí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì nìkan jẹ́ switch tí a kò ní lè wọ̀ ní ọjọ́ tí a nílò rẹ̀ jù lọ. Wáyà console tí a fi so lápútọ́ọ̀pù mọ́ ara ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, tàbí mọ́dẹ́ẹ̀mù tí ó gba ojú ọ̀nà tẹlifóònù wọlé, ni ó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí gbogbo ọ̀nà yòókù bá ti dí. Àwọn ará Boston mọ̀ èyí dájú lẹ́yìn ọjọ́ wọ̀nyẹn, nítorí pé ọ̀nà tẹlifóònù wà lára ohun tí wọ́n padà sí, wọ́n sì fi kọ̀ǹpútà tí ó ní mọ́dẹ́ẹ̀mù sínú ètò wọn fún ọjọ́ iwájú.

Ohun tí àwọn ẹnjiníà náà ṣe kò ní idán nínú. Wọ́n dáwọ́ àyípadà dúró, wọ́n sì ya àwòrán nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Wọ́n ń tọ ọ̀nà láti switch kan sí èkejì, wọ́n ń kọ ohun tí ó so mọ́ ohun tí, wọ́n sì ń ka ìgbésẹ̀. Nígbà tí àwòrán náà fi pé ni ọ̀rọ̀ ààlà 7 tí a ti kọjá tó hàn gbangba. Láti ìgbà náà, wọn kò lépa détà tí ó pọ̀ mọ́. Bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì náà ṣe rí ni wọ́n kọjú sí. Wọ́n gbé switch ńlá tuntun wọlé, wọ́n fi router pààlà sí àwọn apá tí ó jìnnà, apá X-ray sì wà lára wọn, kí ìkéde ibẹ̀ má baà dé ibòmíràn mọ́. Wọ́n ń dá apá kọ̀ọ̀kan padà díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń wò ó kí wọ́n tó fi òmíràn kún un. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ tuntun yóò fi bẹ̀rẹ̀, ilé ìwòsàn náà ti padà sí orí kọ̀ǹpútà. Àwọn alákòóso sọ pé kò sí aláìsàn kankan tí ó fara gbá nínú ìṣẹ̀lẹ̀ náà.

Ó yẹ kí n sọ bí irú wàhálà yìí ṣe máa ń farahàn nínú ọ́fíìsì kékeré, nítorí pé kò dìgbà tí a bá ní ilé ìwòsàn ńlá. Bí àyípo bá dá, iná gbogbo ojú ihò lórí switch yóò máa ṣẹ́jú pa pọ̀ láìdúró, títí kan àwọn ojú ihò tí kọ̀ǹpútà ibẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Bí a bá lè wọ inú switch náà, a óò rí i pé iṣẹ́ tí CPU rẹ̀, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ náà, ń ṣe ti sún mọ́ 100%, àdírẹ́sì MAC kan náà yóò sì máa fò láti ojú ihò kan sí èkejì bí a ti ń wò ó. Lórí ẹ̀rọ Cisco, àṣẹ "show mac address-table" àti "show spanning-tree detail" ni yóò fi èyí hàn; èkejì yóò sọ iye ìgbà tí àyípadà ti ṣẹlẹ̀ àti ojú ihò tí èyí tí ó kẹ́yìn gbà wọlé, láti ibẹ̀ ni a óò sì ti tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ìdí. Bí a kò bá lè wọ̀ ọ́, kí a yọ wáyà tí ó so switch kan mọ́ èkejì lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí èyí tí ó wà láàárín, kí a dúró ní ìdí ẹ̀rọ náà kí a sì máa wo iná. Ibi tí ṣíṣẹ́jú iná náà bá ti dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà, apá tí a yọ yẹn ni kí a wá lọ yẹ̀ wò.

Àwọn switch olójú ihò márùn-ún tàbí mẹ́jọ tí owó wọn kò pọ̀, irú èyí tí à ń gbé sí abẹ́ tábìlì ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì, kì í sábà ní Spanning Tree nínú rárá. Bí ẹni tí ó ń gbálẹ̀ bá rí wáyà tí ó já sílẹ̀, tí ó sì fi inú rere ki orí rẹ̀ méjèèjì bọ switch kan náà, gbogbo ọ́fíìsì lè dákẹ́. Lórí àwọn switch tí ó dára jù, ètò BPDU Guard yóò pa ojú ihò tí ó yẹ kí kọ̀ǹpútà nìkan wà lórí rẹ̀ bí BPDU bá gba ibẹ̀ wọlé, storm control yóò sì dá ìkéde dúró bí ó bá ti kọjá ìwọ̀n tí a fi lélẹ̀. Ètò méjèèjì kò ná ni ní kọ́bọ̀ lórí ẹ̀rọ tí ó bá ti ní wọn, síbẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọn kì í ṣiṣẹ́ títí tí ẹnì kan yóò fi tan wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti yíyan olórí. Bí a kò bá fi ọwọ́ ara wa yàn án, gbogbo switch ni yóò ní ipò 32768, èyí tí àdírẹ́sì MAC rẹ̀ kéré jù ni yóò sì jẹ olórí, ìyẹn sì sábà máa ń jẹ́ èyí tí ó ti gbó jù lọ nínú ilé náà, tí agbára rẹ̀ kéré jù.

Àtúnṣe tí ilé ìwòsàn náà ṣe lẹ́yìn náà gba nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là. Ọ̀pọ̀ nínú owó yìí lọ sí orí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tuntun tí a fi router pín, tí àárín gbùngbùn rẹ̀ jẹ́ méjì kí ọ̀kan lè gbé èkejì. Ṣùgbọ́n àwọn àyípadà tí kò gba owó púpọ̀ ni mo kà sí pàtàkì jù, Halamka sì sọ̀rọ̀ nípa wọn láìfi ọ̀rọ̀ bò. Ó ní wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìmọ̀ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wà ní orí ẹnì kan ṣoṣo mọ́, kí ó má baà jẹ́ pé ibi tí ìmọ̀ ẹni náà bá mọ ni ti ilé iṣẹ́ mọ. Ó ní kí wọ́n máa pe àwọn onímọ̀ láti ìta wá wo iṣẹ́ àwọn, kí àwọn náà sì sọ òótọ́ tí wọ́n bá rí. Wọ́n tún fi òfin lélẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí nǹkan padà lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, ìbáà ṣe wáyà kan, láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ kan ti yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì ṣe é ní àkókò tí iṣẹ́ kò pọ̀. Ó tilẹ̀ gbà pé àwọn ti máa ń sọ bẹ́ẹ̀ ni fún oníbàárà ju bí ó ṣe yẹ lọ, tí gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ so nǹkan mọ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ń rí i so. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì gbalasa tí ó kọjá ààlà náà, irú ìdáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" bẹ́ẹ̀ ni ó kọ́ ọ, lẹ́yọ̀ lẹ́yọ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún.